Dígí Aago Mọ́kànlá

Ìlà mẹ́sàn-án péré ni.
Mo tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ìka tí òtútù Naryn ti mú le,
ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí iná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́,
tí odò sì dì gbagidi lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa.
Àwa là ń ra irun àgùntàn lọ́wọ́ ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n;
èmi Sapargül ni mò ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà má fọ̀rọ̀ lọ̀ mí mọ́:
bí aago bá ti lu mọ́kànlá alẹ́,
kí fèrèsé dúdú kékeré ṣí fúnra rẹ̀,
kí ó kó gbogbo fáìlì ọjọ́ náà
lọ sínú fíláàṣì pupa tó wà létí ògiri,
kí ó padé, kí n tó yí ẹ̀gbẹ́ kejì lórí ibùsùn.

Ó ń ṣe é. Kì í bèèrè owó àṣekún,
kì í sọ pé ìyá òun ń ṣàìsàn lábúlé.
Mo fi yangàn fún àbúrò mi ní Kochkor:
“Mo ti ní ìránṣẹ́ tí kì í sùn.”
N kò sọ fún un pé mo lẹ lẹ́tà mẹ́ta mọ́ ìdí ìlà karùn-ún,
lẹ́tà tó ń sọ ẹ̀dà di dígí:
kí ohun tó bá wà níhìn-ín wà lọ́hùn-ún,
kí ohun tí kò bá sí níhìn-ín má sí lọ́hùn-ún.
Ó dùn mọ́ mi. Ó mọ́ tónítóní.

Ní oṣù kẹta, Nurjigit, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa,
rí fódà àtijọ́ kan, ó ní àyè ń há,
ó pa á rẹ́, ó sì lọ mu tíì.
Aago lu mọ́kànlá.
Fèrèsé ṣí. Ìránṣẹ́ mi wo ìhín, ó wo ọ̀hún,
ó rí i pé ọ̀hún ní ohun tí ìhín kò ní,
ó sì fi ìgbọràn pa ọdún mẹ́fà rẹ́.
Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: kò sí àṣìṣe.

Dígí kì í tọ́jú ojú tó ti kúrò níwájú rẹ̀.
Ṣé ẹnìkan sọ fún mi rí?
Bóyá wọ́n sọ ọ́ nígbà tí mò ń wọn irun.

Toktosun dé ní oṣù kẹrin, fìlà funfun rẹ̀ lọ́wọ́.
Báǹkì fẹ́ rí ohun tí agbo rẹ̀ mú wá láti ọdún mẹ́fà
kí wọ́n tó yá a lówó koríko.
Mo ṣí ìhín: òfo.
Mo fa fíláàṣì yọ, mo tún un kì bọ̀ ọ́: òfo.
Mo ń wo bàtà rẹ̀, ẹrẹ̀ orí òkè ń yọ́ sílẹ̀ ní yàrá mi.
Kò bínú. Ó ní, “Jẹ́ n pe Ayçürök.”

Ìyàwó rẹ̀ kó kàlẹ́ńdà ògiri mẹ́fà wá nínú àpò ìyẹ̀fun.
Létí oṣù kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsùlù: kílò, kílò,
àgùntàn tó kú, ọjọ́ tí ìkookò wá.
Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìlà kankan.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà; ẹ̀dà kan ò gba ìwé là.
Mo yọ lẹ́tà mẹ́ta náà dànù.
Báyìí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀,
déètì rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀,
òní kò láṣẹ lórí àná.
Fíláàṣì kejì ń bá bọ́ọ̀sì lọ sí Kochkor ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì
nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan; àbúrò mi ń rì í sínú agolo ìrẹsì.

Mo ti tẹ kàlẹ́ńdà márùn-ún tán.
Ìkẹfà ku ẹyọ kan, oṣù kẹfà: 41 ni àbí 47?
Tíì ti ta sí orí nọ́ńbà náà.
Ayçürök fúnra rẹ̀ wò ó títí, ó mi orí.
Mo fi àmì ìbéèrè síbẹ̀.

Lálaalẹ́, ní aago mọ́kànlá,
fèrèsé dúdú á ṣí, á da àmì ìbéèrè náà kọ,
á tọ́jú rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú déètì.